Orúkọ Kan Tí N Kò Yọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ìyá olóògbé wá ẹni tó júwe ilé ọmọ rẹ̀ fún apànìyàn, ẹ má wá a lọ jìnnà mọ́. Èmi ni. Mo kàwé, mo gboyè. N kò lè sọ pé n kò mọ ohun tí mo ń ṣe.

Ilé iṣẹ́ wa ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn fún ilé ìwòsàn. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àwọn olùyẹ̀wò ètò ààbò dé, ọ̀gá ní kí n yọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́tàlélógún tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ aṣínà wọn má lè ṣí kọ̀ǹpútà wa mọ́. Mo ní iṣẹ́ mìíràn ti kún ọwọ́ mi, ọjọ́ mẹ́ta kò tó. Ó rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, ìwé ni wọ́n ń bọ̀ wá kà. Ṣáà kọ ọ́ pé o ti ṣe é. Tó bá yá, o máa ṣe é." Mo kọ ọ́. Mo tilẹ̀ fi ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí irọ́ náà lè jọ òótọ́. Ẹ wo ibi tí mo lo ìmọ̀ mi sí! A yege. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Lóṣù kejì, obìnrin kan wá bá mi nídìí tábìlì mi, ọmọ lẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn mẹ́tàlélógún náà. Ó ń lù ú bí ẹni lu bàrà, obìnrin náà sì ti sá fún un. "Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ilé ìwòsàn ní kí n kọ àdírẹ́sì mi tuntun sílẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́ ọmọ yìí. Ṣé ọkùnrin yẹn ò ní rí i?" Mo na ìwé irọ́ mi sí i. "Ẹ fọkàn balẹ̀, àǹtí. A ti yọ ọ́." Ó ṣàdúrà fún mi, ó sì lọ kọ àdírẹ́sì náà.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ì bá gbà mí láti yọ orúkọ náà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yóò kọ ọjọ́ tí mo yọ ọ́ gan-an sílẹ̀, irọ́ mi yóò sì hàn. Mo fi í sílẹ̀. N kò gbàgbé o. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkùnrin náà fi ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ àtijọ́ ṣí fáìlì ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó pa á.

Ìyá obìnrin náà wá bá wa. Ọ̀gá fi ìwé mi hàn án: "Màmá, tiwa pé pérépéré. Bóyá ọmọ yín ló sọ àdírẹ́sì náà síta. Ẹnu àparò ló ń pa àparò." Mo wà níbẹ̀. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́, ẹ má kọ "mo ti ṣe é" sí ohun tí ẹ kò ṣe. Màmá, àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà náà ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. N kò tọrọ ìdáríjì. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: ẹ má gbà pé ọmọ yín kò ṣọ́ra. Ó ṣọ́ra. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi.