Kílọ́ọ̀ṣì Tuntun Tó Dá Ìjà Sílẹ̀ Láàárín Èmi Àti Má-Kánjú

Alága àpéjọ yìí, ọ̀gá àgbà àwọn dókítà wa, mo kí yín. Màmá wa, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ẹ ti ń pè mí ní "ọmọ mi" láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin àgbà awakọ̀ tí ẹ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, mo júbà. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn yìí, àtẹni tó ń fọ aṣọ, àtẹni tó ń po oògùn, àtẹni tó ń ṣọ́ géètì, mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin àlejò wa, ẹ kú ìjókòó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ sísọ ń bà mí lẹ́rù ju kí bíréèkì já lórí òkè lọ. Bí mo bá di ọwọ́ ìdarí mọ́tò mú, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ẹ gbé síwájú mi yìí, ṣe ló dà bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ gún mi. Ẹ bá mi mú sùúrù. Ìyá Fèrè ni ẹ̀ ń pè mí, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ti ṣépè fún fèrè mọ́tò mi yẹn. Ẹ foríjì mí. Mo gbà pé mo máa ń fọn ọ́n nígbà mìíràn tí kò sẹ́ni lọ́nà.

Nígbà tí mo dé ibí, kò tíì sí obìnrin kankan tó ń wa mọ́tò aláìsàn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń wa típà yanrìn ló kọ́ mi ní mọ́tò. Ó ní kí n kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn wọ ibi tóóró, torí iwájú, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n lọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dán mi wò, àwọn ọkùnrin tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri bí ẹni wá wo bọ́ọ̀lù. Ẹnìkan ní, "Ẹ tètè kó àwọn ọmọdé kúrò lọ́nà o!" Mo gbọ́ ọ. Mo fi ẹ̀yìn wọ inú gáréèjì, mi ò kan nǹkan kan, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní, "Ẹ lè dá àwọn ọmọdé padà." Ẹni tó rẹ́rìn-ín jù lọ́jọ́ yẹn ni mẹkáníìkì wa, Má-Kánjú. Òun ló jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn, tó ń fi fìlà bojú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣí ojú o, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ.

Ta ló tíì rí mẹkáníìkì bí èyí rí? Bí mọ́tò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò kọ́kọ́ kí i bí ẹni kí èèyàn. Yóò gbé etí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò ní, "Kí ló ń ṣe ọ́?" Bí ẹ bá ní kó yára, ìdáhùn rẹ̀ kò ju, "Má kánjú" lọ. Ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Ó ń tún un ṣe, mò ń wà á, àárín wa sì gún títí di ìgbà tí kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí à ń tẹ̀ ká tó yí jíà, gbó lára mọ́tò aláìsàn funfun ńlá tí mò ń wà.

Ẹ́ńjìnnì á máa pariwo, mọ́tò ò ní yára. Má-Kánjú ní kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán. Wọ́n ra tuntun. Ó sọ jíà kalẹ̀, ó fi sùúrù to gbogbo rẹ̀ pa dà, ó fi àkísà nù ún bí ẹni nu ẹnu ọmọ. Mo gbé e jáde, ó ń lọ geere.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí kílọ́ọ̀ṣì tuntun yìí fi bẹ̀rẹ̀ wàhálà. N ó tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, jíà ò ní wọlé, yóò máa ké bí ajá tó ń họ egungun. Mo gbé e pa dà. Má-Kánjú ní atẹ́gùn ló wọ inú páìpù òróró rẹ̀, ó sì tú atẹ́gùn náà jáde. Ó dára, ó tún bàjẹ́. Ó pààrọ̀ pọ́ńpù tó ń ti òróró náà. Ó dára, ó tún bàjẹ́. Ó tún sọ jíà kalẹ̀, ó wo kílọ́ọ̀ṣì látòkè délẹ̀, kò rí àbùkù kankan. Bí òun bá jókòó nínú gáréèjì tó rọra tẹ̀ ẹ́, jíà á wọlé wẹ́rẹ́. Bí èmi bá gbé e dé ojú pópó, tí mo tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ mọ́tò, ìjàngbọ̀n dé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí nǹkan bá ń dára lọ́wọ́ ẹnìkan, tó ń bàjẹ́ lẹ́sẹ̀ ẹnìkejì, ta ni wọ́n máa bú?

Níwájú gbogbo àwa awakọ̀ ló ti sọ ọ́. Ó ní, "Ìyá Fèrè, iṣẹ́ mi ò ní àbùkù. Ẹsẹ̀ yín ni. Ẹ máa ń gbé e lé kílọ́ọ̀ṣì bí ẹni gbé ẹsẹ̀ lé àpótí ìtìsẹ̀."

Mo ní, "Ẹsẹ̀ tèmi?"

Ó ní, "Ẹsẹ̀ tiyín."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí iṣẹ́ bá ti sú yín, ẹ sọ ọ́. Ẹ má dì í lé ẹsẹ̀ mi."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá gba iwájú gáréèjì, yóò fi orí sábẹ́ mọ́tò. Bí òun bá ń bọ̀ lọ́nà, n ó máa wo ojú sánmọ̀. Ìyàwó rẹ̀, ẹ̀yin lẹ wà ní ibi ìfọṣọ nígbà náà, ẹ wá bá mi, ẹ ní, "Ìyá Fèrè, bàbá yìí kì í jẹun mọ́. Ṣíbí ló fi ń ya kílọ́ọ̀ṣì sórí tábìlì." Mo ṣe ojú le sí yín. Mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé èmi náà ò sùn dáadáa.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n pè wá pé olùkọ́ obìnrin kan ń rọbí ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà lórí òkè. Agbẹ̀bí wa, ẹ̀yin lẹ bá mi lọ. A gbé e wọ inú mọ́tò, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ní ẹsẹ̀ lọmọ fẹ́ fi wá, kò ṣeé gbà lójú ọ̀nà, àfi ká dé ọ̀dọ̀ dókítà. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, jíà kọ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Obìnrin náà figbe ta lẹ́yìn mi. Ẹ kígbe pé, "Ìyá Fèrè, kí lẹ̀ ń dúró dè?"

Mo pa ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, jíà kì í bá èèyàn jà. Mo ti jíà àkọ́kọ́ wọlé, mo wá yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ó gbéra, ó ń lọ! Láti ibẹ̀, mi ò gbọ́dọ̀ dúró mọ́. Bí mo bá fẹ́ yí jíà, n ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò lórí ibi tí à ń tẹ̀ fún eré, n ó fetí sí ẹ́ńjìnnì títí ohùn rẹ̀ yóò fi rọ̀, n ó wá rọra ti jíà wọlé bí ẹni ti ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ sùn sí. Mo fọn fèrè títí. Ọlọ́pàá tó wà ní oríta nawọ́ pé kí n dúró. Mo yọrí síta, mo ní, "Ọ̀gá, bí mo bá dúró, ẹ̀yin lẹ máa gbẹ̀bí o!" Ó bẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn mọ́tò yòókù kúrò lọ́nà fún mi.

A dé. Ìyá yè, ọmọ yè. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tó gbé omi wá fún mi ni Má-Kánjú. Ó ti rí bí mọ́tò ṣe fò wọ géètì. Ó dúró títí mo fi mu ún tán, ó wá ní, "Ìyá Fèrè, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́, èmi náà ni mò ń wò ó. Ẹnìkan ò lè ṣe méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lójú pópó. Ẹ má rọra."

Mo wọlé. Àgbàlagbà fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ki orí bọ abẹ́ ọwọ́ ìdarí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà mi, ó fi tọ́ọ̀ṣì há ẹnu. Mo tẹ̀, mo tẹ̀, mo tún tẹ̀. Ó pariwo, tọ́ọ̀ṣì já bọ́: "Ẹ dúró! Ẹ tún un tẹ̀! Háà, irin ni! Irin ló ń yẹ̀!"

Irin tí wọ́n fi so ibi ìtẹ̀sẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì mọ́ ara mọ́tò ló ti sán, tín-ínrín bí irun orí. Bí ẹ bá rọra tẹ̀ ẹ́, ẹ ò ní rí i. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gan-an, ojú ibẹ̀ á là, irin á tẹ̀, agbára ẹsẹ̀ ò ní dé ọ̀dọ̀ pọ́ńpù mọ́. Kílọ́ọ̀ṣì tuntun le ju èyí tó gbó lọ, irin ògbólógbòó ni kò lè gbà á. Jórinjórin dé, ó jó o pọ̀, ó fi irin mìíràn tì í lẹ́yìn. Kílọ́ọ̀ṣì yẹn ò tún yọ wá lẹ́nu mọ́.

Má-Kánjú fúnra rẹ̀ ló pe gbogbo awakọ̀ jọ. Ó ní, "Níwájú yín ni mo ti sọ pé ẹsẹ̀ Ìyá Fèrè ni. Mo ṣì í. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Omi bọ́ lójú mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi náà, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín..." Ó ní, "Ẹ má kánjú, mi ò tíì parí. Ẹsẹ̀ yín ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó wúwo!"

Ẹ rí i, ó tún ń rẹ́rìn-ín!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ awakọ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ mẹkáníìkì, a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Bí iṣẹ́ tí ẹ ṣe dáadáa bá tún bàjẹ́, ẹ má wá ẹni tí ẹ máa dì í rù. Ẹ pe ẹnìkejì yín, kí ẹ jọ wò ó. Ọ̀rẹ́ tí mo ní lónìí, díẹ̀ ló kù kí n pàdánù rẹ̀ nítorí irin tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ ń fi oúnjẹ pamọ́ dè mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin aláìsàn tí ẹ gbé ẹ̀mí yín lé mi lọ́wọ́ láì mọ̀ mí rí. Ẹni tí mo bá ti jágbe mọ́ rí, kó má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bá mi délé. Ọ̀nà tí ẹ ń rìn kò ní dí mọ́ yín. Ẹni tó jáde nílé ní àlàáfíà yóò bá ilé ní àlàáfíà. Ẹ ò ní pe olùrànlọ́wọ́ kó má gbọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní dójú tì yín. Bó bá sì fẹ́ dójú tì yín, ẹ ó rí ẹni tí yóò bá yín dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ wá ìdí rẹ̀.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé mi lóore, ẹ ò ní fi ọmọ ṣọ̀fọ̀.

Ọkọ mi, ẹ dìde ká máa lọ sílé. Ẹ̀yin lẹ máa wa mọ́tò lónìí.