Ìtì Igi Abẹ́ Píkọ́ọ̀pù

Ẹ sún mọ́ bí, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì, kó gbé e mì. Ẹni tó ń tẹ fóònù, kó kì í bọ àpò, torí ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ní agbára àtisọ ọ́. Èmi Tàjùdéèn, tí ẹ ń pè ní Tàjù Onísípíríìngì, tí mo máa ń pa yín lẹ́rìn-ín ní gbogbo mítìnnì, mi ò mú àwàdà wá lónìí. Ó dáa, mo mú díẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló pọ̀ jù nínú ẹrù mi, ó sì ti wúwo jù fún mi láti máa dá gbé kiri.

Gbogbo yín lẹ mọ Abdulhameed. Ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tí ẹ ò rí i rí pàápàá, ẹ mọ orúkọ ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, kí la máa ń sọ fún yín? 'Ṣọ́ra, kó o má di Abdulhameed.' Ó ti di òwe ní gbogbo Ailegun yìí. Ọkùnrin tó mọ ẹ̀yìn ọkọ̀ jù mí lọ fíìfíì, tó ń tọ̀pá rìn báyìí, tó ń ta bóòtù àti nọ́ọ̀tì nínú bàsíà ní Bọ́ládé, òun la sọ di àpẹẹrẹ aláìbìkítà. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn? Èmi ni.

Píkọ́ọ̀pù ògbólógbòó tí Àǹtí Ìsíátù fi ń já píọ́ wọ́tà ló gbé wá lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ásù ẹ̀yìn ẹ̀, irin tó gbé táyà méjèèjì, ti tẹ̀. A ti rí òmíì, ó ku ká dè é. Ọ̀gá wa, Àjàmú, kí Ọlọ́hun fi àlìjánnà kẹ́ ẹ, máa ń sọ pé, 'Jáàkì ń gbé ọkọ̀ ni, kì í dúró tì í. Ìtì igi ló ń dúró.' Abdulhameed fọwọ́ ara ẹ̀ ti ìtì igi kan sábẹ́ férémù, egungun ọkọ̀, lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ó mi ọkọ̀ náà, kò yẹ̀. Ó ṣe bísímílà, ó wọlé. Ó ń wá bí orí bóòtù àárín sípíríìngì ṣe máa bọ́ sínú ihò orí ásù, torí tí kò bá bọ́ síbẹ̀, ẹ báà fún yúbóòtù tó ń so ásù mọ́ sípíríìngì títí di ọ̀la, bí alákàn lọkọ̀ á máa rìn. Ó ní, 'Tàjù, gbé òsì sókè díẹ̀.' Mo fa jáàkì, férémù gbéra, ìtì igi apá òsì wá dá wà láìru nǹkan kan. Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀, kí n ti igi mìíì lé e.

Ìdí díráàfù ni mo padà sí. Èmi àti Ọládòṣù rẹ́wáyà, tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, la jọ ń ta á, ó sì ń fẹnu fọ́ mi lójú. 'Ẹ wò ó, sílípáàsì ọ̀tún pupa, tòsì búlúù. Ẹni tí ò lè to bàtà ẹ̀, ṣé ọmọ díráàfù ló máa tò?' Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ti gba gbogbo àga, ìdúró ni mo wà. Ó ní, 'Jókòó, kí n nà ẹ́ bí àgbàlagbà.' Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kíńgì, inú mi ń dùn. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ìtì igi. Ẹ wo orí mi. Jáàkì tí gbogbo wa mọ̀ pé ó ń jo ọ́ìlì, òun ni mo fi ọmọlọ́mọ tì. Mo yọ igi lábẹ́ ọkọ̀, mo jókòó lé e.

Ọládòṣù ní, 'Tàjù, dá a padà.' Mo ní, 'Ẹ̀rù kíńgì mi ló ń bà ẹ́.' Abdulhameed pè mí látabẹ́ ọkọ̀: 'Ó ti bọ́ sí i. Mú yúbóòtù wá.' Mo ní, 'Mò ń bọ̀.' Ó tún pè mí. Mo ní, 'Jẹ́ n jẹ eléyìí ná.' Jáàkì sì ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tòògbé. Mo gbọ́ 'kẹ́'. Ohùn kékeré báyìí ni. Kí n tó yíjú, ẹ̀yìn ọkọ̀ ti wálẹ̀, ẹsẹ̀ Abdulhameed wà lábẹ́ ẹ̀.

Ẹ má tíì mí kanlẹ̀, ìyẹn kọ́ ló burú jù. Kò pe ìyá ẹ̀, èmi ló ń pè. 'Tàjù, gbé e. Tàjù, jọ̀ọ́, gbé e.' Jáàkì wà níwájú mi. Ṣùgbọ́n ìtì igi ni mo kọ́kọ́ gbá mú. Mo yí i padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo dà á dùbúlẹ̀, kó lè jọ pé ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló fẹsẹ̀ tì í ṣubú. Ó ń ké, mo ń to irọ́. Ìgbà tí mo to irọ́ tán ni mo tó gbé ọkọ̀. Ọ̀gá Àjàmú sáré dé, ó ní, 'Ta ló yọ igi?' Mo yára fèsì kí ẹlòmíì tó lanu: 'Abdulhameed fúnra ẹ̀ ló tì í, Ọ̀gá. Mo ní kó ṣọ́ra.' Ọládòṣù wò mí, mo wò ó. Nígbà tó yá, ó ní, 'Ẹnu mi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní bá ẹ ta díráàfù mọ́.' Kò sì bá mi ta á mọ́ dòní. Òun ló tẹrí ba níbẹ̀ yẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Abdulhameed gbé bàsíà ẹ̀ kọjá bí mo ṣe ń sọ fún ọmọṣẹ́ kan pé kó má di Abdulhameed. Ó gbọ́. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Gbọ́rọ̀ sí ọ̀gá ẹ lẹ́nu.' Píkọ́ọ̀pù Àǹtí Ìsíátù kan náà wà nílẹ̀, ásù ẹ̀ ti tún bàjẹ́. Mo bẹ Abdulhameed pé kó wá bá mi dè é. Mo ní káwọn ọmọṣẹ́ lọ jẹun, ó wá ku àwa méjì. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ọ́ìlì, mo jẹ́wọ́. Ó tọ̀pá lọ sídìí ọkọ̀, ó ní, 'Wọ abẹ́ ẹ̀. Èmi á dúró ti jáàkì.'

Mo wọlé. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé tí mo bá jáde láàyè, mi ò ní jẹ́wọ́ fún òun nìkan. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má yọ igi tó ń ṣọ́ ẹ̀mí ẹlòmíì fi ṣe àga. Tí ẹ bá sì ṣe é, èèyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé, kì í ṣe irọ́. Ẹ forí jì mí. Ẹ má fi orúkọ ẹ̀ dẹ́rù ba ọmọṣẹ́ mọ́. Láti òní lọ, ẹ máa sọ pé, 'Ṣọ́ra, kó o má di Tàjù.'

Bí mo ṣe wà lábẹ́ ọkọ̀ náà, mo rí ẹsẹ̀ Abdulhameed tó ń bọ̀, ó ń wọ́, ọ̀pá ń tẹ̀ lé e. Ó dúró síwájú ìtì igi apá òsì. Orí ọ̀pá kan igi náà. Mo ṣe kálímá bí ẹni tó ń kú lọ. Ó fi ọ̀pá tì í, ó ń tì í wọlé sí i, títí tó fi le dan-in dan-in.

'Láti ibi tó o wà yẹn, Tàjù,' ó ní, 'ẹsẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí. Lọ́jọ́ yẹn, sílípáàsì pupa kan, búlúù kan ni mo rí nídìí ìtì igi.'