Ohun Tí Adìẹ Ìyá Mi Ń Wá Nínú Ẹyin Rẹ̀

Ìgbà tí èmi ṣì kéré, tí eyín mi pé, tí orúnkún mi ò tíì máa dún bó ṣe ń dún yìí… ẹ gbọ́, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Tó bá ń gba ohùn mi, kó máa gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ wojú mi.

Ẹ ní kí n gbé adìẹ kúrò nínú yàrá. Mo ti gbọ́. Ẹ ní oúnjẹ alápò tí wọ́n ń tà ní Joju ló yẹ kí n máa rà fún un, pé àwọn tó kàwé ló pò ó. Mo gbọ́ ìyẹn náà. Mi ò gbé e kúrò. Mi ò sì ra nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ èmi Sìkírátù bí wọ́n ṣe ń bọ́ adìẹ inú ilé, kó tètè jí. Ẹ jókòó.

Ayé òyìnbó là ń sọ yìí. Ọ̀tà ò tíì fẹ̀ dé ibì kan. Sango tí ẹ ń wò yìí, tí èéfín ilé iṣẹ́ ò jẹ́ ká rí ojú ọ̀run dáadáa mọ́, oko ẹ̀gẹ́ ni, igbó ni. Tí wọ́n bá rán èèyàn lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, á bi wọ́n pé kí lòun ṣe fún wọn? Ojú-Ọrẹ náà, abẹ́ igi ni, níbi tí àwọn ìyá ń jókòó sí ta nǹkan oko. Ilé tiwa wà nínú ìlú. Káfíńtà ni bàbá mi. Mùsùlùmí sì ni wá, láti ayé bàbá bàbá mi.

Lọ́dún yẹn, nígbà ọyẹ́, lúkúlúkú wọ̀lú. Ẹ ò mọ lúkúlúkú? Àrùn adìẹ ni. Ọrùn adìẹ á lọ́, á máa yí po bí ọ̀mùtí, tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti nà gbalaja. Gbogbo adìẹ agboolé wa ló kú. Gbogbo ẹ̀! Àkùkọ bàbá mi tó ń jí wa kírun àsùbáà, òun náà kú. Ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù, adìẹ ìyá mi. Kíá ni ìyá mi gbé e wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní àrùn ọ̀hún ò ní bá a níbẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Àṣẹ́kù. Abẹ́ ibùsùn ló ń sùn, nínú agbọ̀n, lórí èérún pákó tí bàbá mi fá.

Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà, ìyá mi kú. Orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí, òun àti ọmọ. Lónìí, ẹ ní ọsibítù ní gbogbo ìyànà. Nígbà yẹn, kí ló wà? Mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Wọ́n pín aṣọ ìyá mi, wọ́n pín ìkòkò ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí ohun tó wà lábẹ́ ibùsùn. Èmi rántí. Mo ní Àṣẹ́kù, tèmi ni.

Wàhálà wá ni pé adìẹ yìí ń jẹ ẹyin ara ẹ̀. Látìgbà tó ti wọ yàrá ló ti bẹ̀rẹ̀. Á yé e, ẹyin ọ̀hún á rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí awọ. Á yíjú padà, á ṣá a, á bẹ́, á jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ ìyá mi, Ìyá Sàká wọ yàrá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, tó bá wúkọ́, gbogbo ilé a dákẹ́. Ó bá Àṣẹ́kù, pupa ẹyin kùn ún lẹ́nu. Ló bá figbe ta.

"Hàáà! Adìẹ tó ń jẹ ọmọ ara ẹ̀! Nínú yàrá obìnrin tó kú tọmọtọmọ! Ẹ ò wá rí ohun tó wà nílé yìí!" Ó ní tí ogójì ọjọ́ bá pé, adìẹ yìí la ó pa fi ṣe sàárà.

Mo ní rárá.

Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ ohun tó jẹ́ nígbà yẹn kí ọmọ ọdún mẹ́wàá sọ pé rárá fún ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀? Ẹ̀yin ń sọ ọ́ fún mi lójoojúmọ́, mo kàn ń wò yín ni. Ìgbájú tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, etí mi hó títí di ìrọ̀lẹ́. Mo tún ní rárá. Bàbá mi ló dá sí i. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Sìkírá, tó bá yé ẹyin mẹ́ta tí kò jẹ, kí ogójì ìyá rẹ tó pé, a ó dá a sí. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni ká gbà." Ìyá Sàká gbà. Kí ni kò ní gbà sí? Ó mọ̀ pé kò lè ṣẹlẹ̀.

Èmi wá rò ó lọ́kàn ọmọdé. Mo ní ebi ló ń pa á, àgbàdo ìkúnwọ́ kan ò tó o. Kí ni mo ṣe? Mo bu gaàrí fún un. Gaàrí gbígbẹ, bámúbámú. Ó jẹ ẹ́ yó, ó mumi lé e. Ẹ̀yin náà, ẹ dáhùn: tí ẹ bá bu omi lé gaàrí nínú abọ́, kí ló máa ń ṣe? Ohun tó ṣe lọ́fun Àṣẹ́kù nìyẹn. Ọ̀fun ẹ̀ wú, ó le gbagidi, ó la ẹnu sílẹ̀, kò lè mí. Èmi ni mo ṣe é, ẹ gbọ́, kì í ṣe ọ̀tá kankan. Mo ń kán epo pupa sí i lẹ́nu, mo ń fi ọwọ́ tẹ ọ̀fun ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, mo ń sunkún, fún odindi ọjọ́ méjì. Ìyá Sàká á dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Má da ara ẹ láàmú. Ọ̀bẹ ló máa wò ó sàn."

Ó yè. Mo tún padà sí àgbàdo. Ẹyin tún ń rọ̀, ó tún ń jẹ ẹ́. Ó wá ku ọjọ́ méjìlá.

Wọ́n rán mi ní ata lọ́jọ́ kan ní Ojú-Ọrẹ. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ta ìgbín, ọ̀rẹ́ ìyá mi ni, Ìyá Onígbín là ń pè é. Ní ilé tiwa, a kì í ra ìgbín, torí Ìyá Sàká ní hàráámù ni. Ó rí ojú mi, ó ní kí ló dé. Mo tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹkún.

Ó ní, "Kí lo ń fún un jẹ?"

Mo ní àgbàdo.

"Kí lo tún ń fún un?"

Mo ní àgbàdo.

"Ẹ̀yìn àgbàdo ńkọ́?"

Mo ní kò sí. Ó pòṣé. Ó ní, "Ìwọ náà lọ máa jẹ ẹ̀kọ láìlọ́bẹ̀ fún oṣù kan, ká wo bí ojú ẹ ṣe máa rí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pòwe pé adìẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, ó ní òun ò léyín. Ẹ mọ òwe, ẹ ò mọ adìẹ. Níbo ni òkúta wà nínú yàrá? Níbo ni yanrìn wà? Ìgbà tó wà níta, ṣé ìyá ẹ ló ń bọ́ ọ ni? Ilẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ó ń ṣa kòkòrò, ó ń ṣa ewé, ó ń ṣa èérún ìkarahun. Èèpo ẹyin kì í dédé wá, inú ara ẹ̀ ló ti ń jáde. Adìẹ ẹ kì í ṣe ìkà, Sìkírá. Èèpo tó sọnù lára ẹ̀ ló ń wá kiri."

Ẹ gbọ́ ọ? Ara mi bù máṣọ. Gbogbo ilé ń pè é ní apọmọjẹ, àwa la sé e mọ́lé tí a ò fún un lóhun tó ń fẹ́!

Ó di ìkarahun ìgbín fún mi, ìdì kan. Ó ní kí n fi iná sun ún, kí n gún un kúnná, kí n dà á pọ̀ mọ́ oúnjẹ ẹ̀. Mo dé ilé, mo sun ún. Odó wo ni màá fi gún un? Odó iyán ló wà níwájú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Ìyá Sàká jáde síta.

"Ìgbín! Nínú odó tí a fi ń gúnyán! Nílé Mùsùlùmí!"

Ó fa pàṣán yọ. Kò já mi láyà. Bó ṣe ń nà mí, bẹ́ẹ̀ ni mò ń gún. Ó ń nà, mò ń gún. Títí bàbá mi fi gba pàṣán lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, adìẹ ló fẹ́ jẹ ẹ́. Adìẹ kì í kírun." Ó fọ odó yẹn mọ́ tónítóní, ó sì fi kùkùté igi kan gbẹ́ odó kékeré fún mi.

Láti ọjọ́ náà, ẹ wo ohun tí Àṣẹ́kù ń jẹ. Àgbàdo tí mo là sí wẹ́wẹ́. Eèrí ògì. Ewé tẹ̀tẹ̀. Ìkarahun tí mo gún, ṣíbí kan. Yanrìn odò nínú àwo tiẹ̀ lọ́tọ̀. Àti ikán, mo máa ń lọ gbẹ́ ọ̀gán lọ́nà Sango níbẹ̀ yẹn, níbi tí ilé iṣẹ́ wà báyìí, ikán á bù mí jẹ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Ẹyin àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn, èèpo ẹ̀ ṣì fẹ́lẹ́, ó jẹ ẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e, ó ṣá a, kò bẹ́. Ó tún ṣá a. Kò bẹ́. Ó fi í sílẹ̀. Mo kígbe débi pé àwọn ará ilé rò pé ejò wọlé! Nígbà tó yá, ó tún yé ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, kò yé mọ́.

Ilẹ̀ ogójì mọ́. Ẹyin méjì ló wà nínú agbọ̀n.

Àwọn àfáà ti jókòó sórí ẹní níta, àwọn àgbà àdúgbò ti pé. Ìyá Sàká wọlé tòun ti ọ̀bẹ. "Mélòó ni bàbá ẹ wí?" Mo ní mẹ́ta. "Mélòó lo rí?" Mo ní méjì. "Ó parí."

Kò parí! Mo gbé Àṣẹ́kù mọ́yà, mo ta gìrì jáde, mo lọ dúró láàárín àwọn àgbà.  Mo ní, "Ìyá mi lẹ fẹ́ ṣe sàárà fún. Adìẹ ìyá mi náà lẹ fẹ́ fi ṣe é. Ẹ ti pín aṣọ ẹ̀. Ẹ ti pín ìkòkò ẹ̀. Kí lẹ̀yin mú wá? Ẹ lọ mú tiyín wá!"

 Bàbá mi wolẹ̀. Àfáà àgbà wò mí. Ó ní, "Ẹrù ọmọ òrukàn nìyí. Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́ níbí? Kó nawọ́." Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ìyá Sàká fúnra ẹ̀ ló lọ tú òbúkọ ẹ̀ lókùn wá.

Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, Àṣẹ́kù yé ẹyin kẹta. Mo gbé e lọ bá Ìyá Sàká pẹ̀lú ooru ẹ̀. Ó fi èékánná kàn án, kó, kó. Ó dá a padà fún mi. Láti ọjọ́ náà, kò pe adìẹ mi ní apọmọjẹ mọ́.

Oúnjẹ alápò yín… mi ò ní kò dáa. Bóyá ó dáa fún àwọn tó ń sin ẹgbẹ̀rún adìẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, nǹkan bá ti ṣe ségesège díẹ̀, ẹ ti ń wá ọ̀bẹ. Ìyàwó bá kanra, ẹ lé e lọ. Ọmọ bá jí ẹran jẹ, ẹ ní àjẹ́ ni. Ẹ ò kọ́kọ́ bèèrè pé kí ló ń jẹ, kí ni kò rí jẹ. Ẹ̀yin lẹ sé e mọ́lé!

Adìẹ yìí ń bẹ nínú yàrá mi, ibẹ̀ ló máa wà. Tí mo bá sì kú, ogójì tèmi náà á pé. Ẹ lọ ra ẹran lọ́jà. Ẹni tó bá gbé ọ̀bẹ wọ yàrá mi nítorí adìẹ, màá jí.