Ojú tí Mo Fún Bàbá Oyèníran

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo fọ́tò mi, tí ẹ máa ń béèrè pé lẹ́ǹsì wo ni mo fi yà á, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. N kò ní fọ́tò tuntun láti fi ṣe fáàrí lónìí. Ọ̀rọ̀ kan ló ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí wọ́n ti sin Bàbá Oyèníran, mo sì ti pinnu pé ẹnu èmi fúnra mi ni ẹ ó ti gbọ́ ọ. Túbọ̀sún ni mo ń jẹ́. Ní Yábàá ni ilé fọ́tò mi wà, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Ẹni tó ń fi lẹ́ǹsì àtijọ́ ya fọ́tò lẹ mọ̀ mí sí, ẹ sì ń yìn mí nítorí rẹ̀. Bí mo bá parí ọ̀rọ̀ mi, ẹ̀yin náà yóò mọ̀ bóyá ìyìn yẹn tọ́ sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa. Kámẹ́rà òde òní máa ń wá ojú èèyàn fúnra rẹ̀. Kí o tó gbé e dúró dáadáa, ó ti rí ẹyinjú ẹni tó jókòó níwájú rẹ. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì tèmi ti wà láti ìgbà tí wọ́n ń fi fíìmù ya fọ́tò. Irin àti dígí lásán ni, kò ní iná nínú, kámẹ́rà tuntun kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà lára òun. Òrùka irin kan ni mo fi so wọ́n pọ̀, ọwọ́ ni mo sì fi ń yí lẹ́ǹsì náà títí ohun tí mo ń yà yóò fi mọ́ kedere. Kámẹ́rà máa ń ràn mí lọ́wọ́ níwọ̀nba: ibi tó bá mọ́, yóò fi àwọ̀ pupa wínníwínní sí i létí kí n lè rí i. Àmọ́ pupa yẹn fẹ́ràn ọnà ara aṣọ ju ara èèyàn lọ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yóò tẹ bọ́tìnnì kan kí ẹyinjú ẹni tó ń yà lè tóbi níwájú rẹ̀, yóò wò ó dáadáa kí ó tó yà á. Mo mọ èyí. Mo tilẹ̀ ti kọ́ àwọn kan nínú yín.

Sùúrùlérè ni Bàbá Oyèníran ń gbé, kò jìnnà sí Ojú Ẹlẹ́gbà, òun àti ìyàwó rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Fúnlọ́lá, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé. Bàbá kórìíra kí wọ́n ya òun. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé fóònù sókè, yóò yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti pẹ́ tí fọ́tò tó mú ojú rẹ̀ dáadáa ti wà nínú ilé náà gbẹ̀yìn. Fúnlọ́lá, àkọ́bí wọn, ló wá bẹ̀ mí. Nígbà tí mo débẹ̀, mo fi lẹ́ǹsì náà lé Bàbá lọ́wọ́. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Irú èyí ni wọ́n fi yà mí lọ́jọ́ tí mo gbé ìyá wọn níyàwó. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n dé fìlà." Ìyàwó rẹ̀ ló mú fìlà náà jáde, èyí tí wọ́n fi òwú funfun ṣe ọnà sí yípo. Òun fúnra rẹ̀ ló dé e sí i lórí, ó sì tẹ̀ ẹ́ sápá ọ̀tún.

Mo ṣí ihò lẹ́ǹsì sílẹ̀ pátápátá kí ohun tó wà lẹ́yìn Bàbá lè rí bàìbàì bó ṣe wù mí. Bí a bá ṣí i báyẹn, ibi tó máa mọ́ kì í ju ìwọ̀n ìka kan lọ. Ayọ̀kànmí, àbúrò Fúnlọ́lá, ń wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ní check ẹ ni?" Mo dá a lóhùn pé, "Ọwọ́ mi ló ń bá mi ríran." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mọ́ mi nínú. (Ìgbéraga ni. N kò ní orúkọ mìíràn fún un.) Mo rí pupa tó ń tàn níwájú Bàbá, mo yà á léraléra, n kò tẹ bọ́tìnnì kankan. Kò pẹ́ tí Bàbá fi ní ó ti rẹ òun.

Nígbà tí mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà, fìlà náà mọ́ débi pé èèyàn lè tọ ipa òwú ara rẹ̀. Ojú Bàbá wà nínú kùrukùru lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo èyí tí mo yà ló rí bẹ́ẹ̀. Mo ní n óò padà lọ bẹ Bàbá pé kó tún jókòó fún mi, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, mo ń sún un síwájú. Ibi tí mo ti ń sún un ni Fúnlọ́lá ti pè mí. Bàbá sùn, kò jí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò tí ẹ yà yẹn nìkan la ní o."

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ: fọ́tò náà kò mọ́. Wọn ì bá bínú, wọn ì bá sunkún, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán síbẹ̀. N kò sọ ọ́. Mo pe Jude, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó mọ kọ̀ǹpútà jù mí lọ. Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó jẹ́ pé bí o bá fún un ní ojú tí kò hàn, yóò fi ojú tí òun rò pé ó yẹ kó wà níbẹ̀ rọ́pò. Ó gbé oríṣiríṣi jáde. Jude ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó clear o, ṣùgbọ́n ṣé bí Bàbá ṣe rí nìyí? Èmi ò mọ̀ wọ́n rí." Mo ní bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èmi náà rí Bàbá láyé mi. Mo mú èyí tó dára jù, mo fi ránṣẹ́.

Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fẹ́ǹsì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ìwé ètò ìsìnkú, wọ́n gbé ńlá rẹ̀ kọ́ sí pálọ̀. Àwọn ọmọ ní bàbá àwọn gan-an nìyí. Ẹni tí kò bá tẹjú mọ́ ọn, bàbá wọn ni lóòótọ́. Èmi náà gbé e sójú ìwé mi orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin sì yin lẹ́ǹsì àtijọ́ pé kò sí irú rẹ̀ mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín níkọ̀ọ̀kan.

Ìyá Fúnlọ́lá nìkan ló dúró níwájú fọ́tò náà tó béèrè pé, "Ta nìyí?" Wọ́n ní, "Màmá, Daddy ni." Ó ní, "Fìlà yìí, èmi ni mo dé e fún un. Ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni n kò mọ̀." Bí àwọn ọmọ bá ti jáde, á yí fọ́tò náà kọjú sí ògiri.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi burú sí jù ni mo dé yìí. Fúnlọ́lá mú ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi ní Yábàá. Ó ní kí n bá wọn bá a sọ̀rọ̀, nítorí èmi ni mo yà á. Mo fi ìyá náà jókòó, ó kọjú sí ògiri tí mo gbé àwọn fọ́tò onígíláàsì kọ́ sí, mo gbé kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀. Mo ṣí méjì nínú àwọn ojú tí Jude ṣe, mo ní, "Màmá, ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ni Bàbá. Ẹ fọwọ́ kàn án." Mo mọ̀ pé irọ́ ni méjèèjì. Ó tẹjú mọ́ wọn títí. Ó ní, "Kò sí nínú méjèèjì, ọmọ mi. Ojú òsì ọkọ mi máa ń wálẹ̀ díẹ̀ bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn wọ̀nyí ò tíì rẹ́rìn-ín rí." Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wò mí, ó sì béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Àbí ojú mi ni?"

Ó bi mí tọkàntọkàn. Ó fẹ́ mọ̀. Mo ní, "Ó lè jẹ́ ẹkún, Màmá." Mo bọ́ sẹ́yìn àga rẹ̀, mo wo Fúnlọ́lá, mo sì mi orí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fúnlọ́lá fọwọ́ bo ẹnu.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí ìyá yìí ṣe tí wọn kò kà sí i lọ́rùn. Bí ọbẹ̀ bá ṣàìníyọ̀, wọ́n á wojú ara wọn. Bó bá fi orúkọ bàbá pe Ayọ̀kànmí, wọ́n á mí kanlẹ̀. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, dókítà ní ojú rẹ̀ dá ṣáká, ìyẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá, nítorí bí kì í bá ṣe ojú, orí ló kù. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń gbọ́, mo sì dákẹ́.

Ohun tó já mi láyà ni ìgbà tí Fúnlọ́lá pè mí pé kí n tún fọ́tò náà tẹ̀ tóbi sí i fún ìrántí ọdún kan. Ó ní àwọn ti rí ẹni tó máa gba ṣọ́ọ̀bù, àwọn sì ń kó Màmá lọ sọ́dọ̀ Ayọ̀kànmí n'Íbàdàn. Ó wá fi ayọ̀ sọ ọ́ pé, "Màmá ò jà mọ́ o. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n dúró níwájú fọ́tò, wọ́n ní, 'Bàbá, ẹ káàárọ̀.'"

Mo jókòó sílẹ̀. Ìyá yìí ti gbà. Mo ti jẹ́ kó kí ẹni tí kò mọ̀ rí bí ọkọ rẹ̀.

Mo tẹ ojúlówó fọ́tò náà sórí páálí, pẹ̀lú kùrukùru rẹ̀, mo lọ sí Sùúrùlérè. Ẹrù wọn ti wà nílẹ̀ ní pálọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ayọ̀kànmí ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá jẹ́ ká máa sọ pé orí ìyá wa ti dàrú." Ó jáde lọ dúró ní kọ́rídọ̀. Fúnlọ́lá kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú, ó ń sunkún. Ìyá gba fọ́tò náà lọ́wọ́ mi, ó mú un sún mọ́ ojú, ó tún nà án síwájú. Ó ní, "Kò mọ́ lóòótọ́." Lẹ́yìn náà ó fi àtàńpàkò kan ibi tí àwa kò ti rí nǹkan kan. "Ẹ wo ojú òsì rẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín ni."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní, "Ti fọ́tò, ó tán. Ṣùgbọ́n mo rí ọ nínú gíláàsì ara ògiri rẹ lọ́jọ́ náà, nígbà tí o mi orí. Mo rò pé ìwọ tó yà á lo mọ̀. Láti ìgbà yẹn ni èmi náà ti ń bẹ̀rù ara mi. Gbogbo ẹni tó ti gbọ́ pé orí mi ò pé, lọ sọ fún wọn pé ó pé. Bí o bá sọ ọ́ tán, kí o wá bẹ̀ mí."

Mo ti lọ sí gbogbo ilé tó wà ládùúgbò wọn. Mo ti dúró níwájú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ẹ̀yin ló kù, nítorí ojú tí kì í ṣe ti Bàbá lẹ yìn fún mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ tẹ bọ́tìnnì yẹn, kí ẹ wo ẹyinjú èèyàn kí ẹ tó yà á. Bí kò bá sì mọ́, ẹ sọ fún ẹni tó ni ín pé kò mọ́.

Ìyá Fúnlọ́lá ti gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ ó rí fọ́tò kan lẹ́yìn Ìyá tí fìlà inú rẹ̀ mọ́, tí ojú rẹ̀ rí bàìbàì. Ẹ má bi í pé ta ni. Lọ́la ni n óò lọ bẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá débẹ̀ ṣáájú mi, ẹ ra bọ́tìnnì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bá mi bẹ̀ ẹ́.