Igbà Bàbá Mi Tí Mo Ré Kọjá

Ẹ jókòó, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má sì bínú pé n kò lè jókòó tì yín. Láti ọjọ́ tí òjò ti dá ni ara mi kò ti balẹ̀ mọ́. Bí mo bá dáná, mo gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sè. Bí mo bá gbálẹ̀ dé ìdajì, mo ti sọ ọwọ̀ sílẹ̀ lọ wo ojú ọ̀nà Ṣáàdà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ìyàwó bàbá mi, ẹni tí mò ń pè ní Ìyá Kékeré, wà lóun nìkan nínú ahéré kan ní abúlé Ṣáàdà tí kò ní odi, ẹ̀ẹ̀rùn sì ti dé. Gbogbo wa ní Ìfànyìn la mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ni ogun máa ń rìn, irú abúlé bẹ́ẹ̀ ló sì kọ́kọ́ máa ń kó. Bí wọ́n bá mú un lẹ́rú, èmi ni mo tà á. Èmi tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ dàgbà!

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ bàbá mi. Akọ̀pẹ ni, kò sì sí ọ̀pẹ tó ga jù fún un nínú gbogbo oko wa. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ le! Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, "Hùn" ni yóò fi dá yín lóhùn, bí inú rẹ̀ bá dùn nìyẹn o. Ọjọ́ tí mo bí àkọ́bí mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọrùn wo ọmọ, ó ní, "Imú rẹ̀ ti tóbi jù," ó sì yí padà lọ. Mo sunkún. Ìgbà tí mo jáde, mo bá ìkòkò epo tuntun lẹ́bàá ògiri, àti ìdì igi ìdáná mẹ́ta tó fi èjìká ara rẹ̀ rù wá. Bó ṣe ń fẹ́ràn ẹni nìyẹn. Ìyá mi kú kí n tó mọ ojú rẹ̀, Ìyá Kékeré ló tọ́ mi, bàbá a sì máa kùn sí àwa méjèèjì láti àárọ̀ dalẹ́ bí ẹni pé àwa la ní kí oòrùn mú.

Èèwọ̀ kan wà nílé wa. Igbà ni okùn tí akọ̀pẹ fi ń de ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ. Obìnrin ò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ ré e kọjá. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, igbà náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Akọ̀pẹ yóò ṣètùtù, yóò sì hun òmíràn, ọjọ́ púpọ̀ nìyẹn sì ń gbà.

Nígbà òjò tó kọjá, orúnkún bàbá mi wú, ó ń tiro. Mo ní, "Bàbá, ẹ sinmi díẹ̀." Ó ní, "Ṣé orúnkún tìẹ ni mo fẹ́ fi gùn ún?" Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó tẹ́ igbà rẹ̀ sí ojúde, ó ń wọ́n omi sí i kó lè rọ̀, ó ní ọ̀la lòun ń lọ sóko. Inú bí mi, ìfẹ́ sì wà nínú ìbínú náà. Mo dìde, mo ká aṣọ mi sókè, mo ré igbà náà kọjá lójú rẹ̀. Mo tún padà ré e kọjá.

Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó wò mí, ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan rí wa. "Ìwọ ọmọ yìí, orí rẹ le ju tèmi lọ. Gbé e kọ́. O ò gbọdọ̀ sọ fẹ́nikẹ́ni. N ò fẹ́ kí wọ́n fọmọ mi ṣe ẹlẹ́yà." Mo rò pé mo ti borí. Mo ń kọrin lọ sílé ọkọ mi. Òmùgọ̀ èèyàn!

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi yọ igbà àtijọ́ kan lórí àjà, èyí tí èéfín ti gbẹ, ó gbé e lọ sóko. Ó ti gé ìdì ẹyìn mẹ́ta kí igbà tó já. Ọjọ́ méjì péré ló lò lẹ́yìn tí wọ́n gbé e wálé. Bí wọ́n bá bi í, "Ọwọ́ mi ló yọ̀," ló ń wí. Ó ní kí wọ́n gbé ẹyìn mẹ́ta náà fún mi, kí n fi ṣe epo, kí n yé fi ẹkún di òun létí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí wa rí igbà tó dára lára ògiri. Kí ló dé tí akọ̀pẹ á fi èyí sílẹ̀, tí á mú èyí tó ti gbó? Obìnrin ti ré e kọjá! Obìnrin wo ló sì ń gbé ilé náà? Ìyá Kékeré kúnlẹ̀, ó ní òun kọ́. Wọn ò gbọ́. Wọ́n ní ó pa ọkọ rẹ̀, wọ́n lé e lọ sí Ṣáàdà. Mo wà níbẹ̀ o! Mo kúnlẹ̀ sáàárín àwọn obìnrin, n kò lè la ẹnu. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Nílé wa, ìka tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n gé.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, mo lọ bá a. Ó ń yan gàrí. Mo wólẹ̀, mo jẹ́wọ́. Kò tilẹ̀ dáwọ́ dúró. "Ọmọ mi, mo mọ̀," ló wí. "Bàbá rẹ sọ fún mi kó tó kú. Ó ní ńṣe lo fẹ́ gba òun lọ́wọ́ ara òun. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n mọ̀, mo sì ṣèlérí fún un." Ó wá bu gàrí sínú igbá, ó ní kí n gbé e lọ fún ọmọ onímú ńlá.

Ẹ̀yin àgbà, bàbá mi ní kí n má sọ. Àṣẹ òkú ni. Ṣùgbọ́n ṣé ó mọ̀ pé ẹlòmíràn ni yóò ru ẹrù mi? Ọkọ mi lè lé mi, ẹbí lè pè mí ní apani. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kíá, torí ọ̀la ni ẹbí ń pàdé nílé bàbá mi. Igbà náà ṣì wà lára ògiri. Bí ẹnu mi bá tún kọ̀ tí kò là, n ó mú un wálẹ̀, n ó tẹ́ ẹ síwájú gbogbo wọn, n ó ká aṣọ mi sókè, n ó sì ré e kọjá.