Àbàwọ́n Ojú Tẹlifíṣọ̀n Mínátù

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, bí ẹ bá mọ ẹni tó ṣe aburú, tí ọmọ ọlọ́mọ sì ń ru ẹ̀bi rẹ̀ kiri, ṣé ẹ ó sọ̀rọ̀ ni, àbí ẹ ó panu mọ́ nítorí pé abẹ́ òrùlé kan náà ni ẹ̀yin àti olúwarẹ̀ ń sùn? Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín ná. Nínú ilé tí mo ti di arúgbó, àwọn ọmọ tí mo bí ń kí mi bí ẹni ń kí àlejò. Bí mo bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti yó. Èmi tí gbogbo agboolé ń jẹ lọ́wọ́ mi!

N kò kàwé lọ títí. Ilé kéú ni mo lọ, ti ìwé òyìnbó kò sì ju kí n kọ orúkọ mi lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ọjà. Àwo tánganran ni mò ń tà ní Ọjà-Ọba láti ìgbà tí mo ti wà ní ìyàwó, kò sì sí ẹni tó lè fi àwo alábùkù tàn mí. Mo máa ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, n ó fi ìka lu ìdí rẹ̀, n ó fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀ yíká. Èyí tó bá ti bó níbì kan, bí ó tilẹ̀ kéré bí ọmọ ọkà bàbà, n ó dá a padà. Nítorí náà, nígbà tí Mínátù, ọmọ ọmọ mi tí mo tọ́ dàgbà, ń lọ ilé ọkọ, tí ó ní tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ni òun fẹ́ kí n fi kún ẹrù ìyàwó òun, ọkàn mi kò balẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń lu tẹlifíṣọ̀n wò?

Ṣìfáwù la gbé iṣẹ́ náà fún. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tó ti di olóògbé ni, Èkó ló ń ná. Ohun tí ẹ bá fẹ́, ẹ ó sọ fún un, ẹ ó fún un lówó, ó di ọjọ́ tó bá dé kí ẹ tó fojú kan ohun tí ẹ rà. Gbogbo àdúgbò wa ló ń rán an, ẹnì kan kò sì ráhùn rí. Síbẹ̀, n kò lè sinmi. Àwọn ará ọjà ti kó ọ̀rọ̀ sí mi létí, pé òmíràn máa ń ní ìlà funfun gbọọrọ láàrin ojú, pé òmíràn máa ń ní àmì dúdú tí kì í kúrò, pé àwọn kan tilẹ̀ máa ń kó ògbólógbòó sínú páálí tuntun. Mo bá gbéra, ó di Táíwò Road. Mò ń ti inú ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn, mò ń sún mọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n débi pé imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, kí n lè mọ bí èyí tó pé ṣe ń rí. Ọlọ́jà kan wò mí títí, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ fi ṣe ọkọ?" Mo ní, "Ká ní ọkọ ni, ǹ bá ti gbé e lọ. Ọkọ lẹnìkan kì í yẹ ojú rẹ̀ wò kó tó gbà á." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Ṣìfáwù dé láti Èkó, páálí náà ń dán, téèpù tí wọ́n fi dì í kò já níbì kankan. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká tú u, ká fi iná sí i. Bí nǹkan bá ṣe é, mo ṣì lè tètè dá a padà. Tó bá pẹ́, ẹni tó tà á fún mi á ní òun ò mọ̀ ọ́n mọ́." Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Ṣùgbọ́n ní ilé tiwa, ẹrù ìyàwó kì í tú kó tó dé iwájú àwọn àna. Bí téèpù bá já pẹ́nrẹ́n, obìnrin ilé ọkọ á ní tòkunbọ̀ la lọ nù lójú. Gbogbo ilé fi ohùn sí i pé ká má tú u. Bàbá ilé wa, ọkọ mi, tí wọ́n jẹ́ oníwàásù, ní kí wọ́n gbé e wá sí yàrá àwọn, kí ojú burúkú má bàa tó o. Wọ́n ní àmánà ọmọ ni, ohun tí a fi síni níkàáwọ́, àwọn ni àwọn ó ṣọ́ ọ. Inú mi dùn. Ta ni n bá tún fún?

Wọ́n so yìgì tán, a kó ẹrù dé ilé ọkọ ní Pàkátà. Àwọn àna fúnra wọn ló tú páálí náà, wọ́n fi iná sí i, àwòrán yọ. Sùbùhánálàhí! Igun kan ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tó dì. Obìnrin tó ń ka ìròyìn, ìlàjì ojú rẹ̀ dà bí ẹni tí wọ́n rì sínú aró. Àbúrò ìyá ọkọ wá la ẹnu, ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé ìyàwó, ẹ mà kú ìnáwó o. Tẹlifíṣọ̀n yìí, ṣé ó ti lọ ilé ọkọ kan rí ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mínátù fa ìbòrí rẹ̀ bo ojú.

A ránṣẹ́ pe Ṣìfáwù. Ó fi orúkọ Ọlọ́run búra. "Wálàhí, Ìyá, tuntun ni mo rà. Mo ní ká tú u, ẹ ò gbà!" Bàbá ilé wa jókòó lórí awọ àgbò wọn, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹni tó bá jẹ àmánà, iná ló jẹ." Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu oníwàásù, ṣé ọ̀rọ̀ tí ń dúró sílé ni? Ó dé ọjà kí èmi fúnra mi tó débẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹnì kankan kò rán Ṣìfáwù ní Èkó mọ́. Ẹni tó ti fún un lówó gba owó rẹ̀ padà. Nígbà tó yá, mo gbọ́ pé ó ti kó lọ sí Malete, pé àkàrà ló ń dín lẹ́bàá ọ̀nà.

Mínátù ní òun kò fẹ́ rí tẹlifíṣọ̀n náà sójú, wọ́n bá gbé e padà wá fún mi. Ibi tí ìyanu ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Bí a ṣe ń tàn án tí a ń pa á lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni àbàwọ́n náà ń ṣá, títí ó fi pòórá pátápátá. Ojú rẹ̀ mọ́ bí omi orísun. Mo ní bóyá àdúrà ló gbà. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí bàbá ilé wa ń múra wáásí, tí wọ́n gbé sípíkà ńlá tí wọ́n fi ń wàásù jáde, tí wọ́n gbé e ti tẹlifíṣọ̀n náà níbi tí mo ti ń wò ó. Lójú mi báyìí, àwọ̀ ewé yọ! Mo ti sípíkà sẹ́yìn, àwọ̀ náà sún kì. Mo fà á súnmọ́ ọn, ó tún gbilẹ̀. Mo ṣe é títí ó fi dá mi lójú.

Mo ní, "Bàbá, nígbà tí ẹrù Mínátù wà ní yàrá yín, níbo ni sípíkà yìí wà?" Wọn kò wo tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Orí páálí náà ni."

"Ẹ wá wo ohun tó ń ṣe o!"

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?"

"Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ló sọ fún mi. Ó ní irin òòfà wà ní ìdí rẹ̀, pé kì í bá tẹlifíṣọ̀n rẹ́."

Mo ní, "Kí Ṣìfáwù tó búra ni, àbí lẹ́yìn tó búra tán?" Wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà, wọ́n ní, "Kó tó búra ni. Ìyá Sàídù, bò mí láṣìírí. Bí èyí bá jáde, ta ni yóò tún tẹ́tí sí wáásí mi? Ọmọdé ni Ṣìfáwù, ayé rẹ̀ ṣì wà níwájú. Tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

Àánú wọn ṣe mí, n kò ní purọ́. Ẹni tó gbé sípíkà lé páálí láìmọ̀ kò ṣẹ̀ mí rárá. Ó lè ṣe ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀, tó jókòó lórí awọ àgbò, tó ń wo ọmọ aláìníyàá tó ń búra, tó sì fi iná dẹ́rù bà á! Nígbà tí mo ní n ó lọ bá Ṣìfáwù, Sàídù, àkọ́bí mi, ní, "Ìyá, ẹ má tú ilé wa ká." Mo ní ilé tí ìbàjẹ́ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ń gbé dúró, ó ti tú tipẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi dá a: ṣé mo ṣìṣe ni? Ẹ̀yin ìyá ọmọ, bí ẹ bá ra ohunkóhun láìfojú rí i, ẹ tú u lójú ẹni tó gbé e wá, kí àna yín wí ohun tó bá wù wọ́n.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Malete. Mo bá Ṣìfáwù nídìí agbada, àwọn tó fẹ́ ra àkàrà yí i ká. Ó rí mi, kò kúnlẹ̀. Ó ń fi síbí yí àkàrà rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ ti wá mọ ẹni tó bà á jẹ́ ni?" Gbogbo wọn yíjú sí mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fà mí wọlé ọkọ, n kò pe orúkọ ọkọ mi rí. Bàbá Sàídù ni mo ń pè wọ́n, tàbí Àlùfáà.

Mo ní, "Kì í ṣe ìwọ, ọmọ mi. Yúsúfù Àkànní ni."