Wọn Ò Fi Ìbò Gba Ojú Ẹ

Nínú takisí tó ń ti Igbotako lọ sí Okitipupa, ìyá àgbà kan àti ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ kánsẹ́lọ̀ jókòó tì mí.

Ọkùnrin náà ní, “Màmá, gbogbo wọ́ọ̀dù ló ní kí n fọwọ́ sí i pé kí àwọn tí omíyalé lé wá sí ilé ìwé wa kó jáde. Àwọn ló dìbò fún mi.”

“Ìwọ ńkọ́, kí lo rí níbẹ̀?”

“Obìnrin kan ń ro púpurù lọ́wọ́. Ó bù fún mi. Kò mọ ohun tí mo bá wá.”

“O sì jẹ ẹ́.”

“Mo jẹ ẹ́.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. “O ò kúkú kọ oúnjẹ rí. Ọmọ mi, wọ́n fi ìbò rán ẹ níṣẹ́, wọn ò fi ìbò gba ojú ẹ.”

“Tí wọn ò bá wá dìbò fún mi mọ́ ńkọ́?”

“Wàá padà sóko. Ẹ̀gẹ́ mi ṣì wà nílẹ̀ tí a ó jọ hú.”

Wọn ò fi ìbò gba ojú ẹ. Lọ́dún tí wọ́n lé wa nílé, inú kíláàsì ni èmi àtàwọn ọmọ mi sùn, ẹnì kan tí a ò mọ̀ rí ló sì kọ̀ tí wọn ò fi lé wa jáde. Mi ò sọ ọ́ fún wọn, ẹ̀rù àtisọ ibi tí mo ti wá ṣì ń bà mí. Mo kàn sún mọ́ ilẹ̀kùn, kí ìyá náà lè na ẹsẹ̀.